Fódà Méjì Tó Ń Jẹ́ "Bàbá"

Ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn, nítorí ẹni tó máa ń ka nǹkan dé ìdajì ló ń bá wí.

Ayafọ́tò kan wà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè ní Mo-ti-mọ̀. Bí ẹ bá ní ilé rẹ̀ ń jó, á ní òun ti mọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ojú ìyá rẹ̀ sì ń fọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà bẹ̀ ẹ́: "Kó gbogbo fọ́tò bàbá rẹ sínú ìwé kan fún mi. Mo fẹ́ wò ó yó kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú."

1.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fi lo Windows kó tó ra kọ̀ǹpútà Mac. Ó kó irinwó fọ́tò bàbá sórí rẹ̀ láti inú ti àtijọ́, ó ṣí áàpù tí wọ́n fi ń to fọ́tò, ó ń wá sẹ́tíǹgì rẹ̀. Ojú fèrèsé áàpù, níbi tó ti mọ́ ọn lára, ló ń wò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò ní sẹ́tíǹgì," ó sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ti ń lo Mac tipẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wo òkè pátápátá. Ẹ tẹ orúkọ áàpù yẹn, abẹ́ ẹ̀ ló wà."

"Mo ti mọ̀. Mò ń dán ẹ wò ni."

2.

Ó fẹ́ yọ áàpù kan kúrò. Lórí Windows, ibi tí orúkọ gbogbo áàpù wà ni wọ́n ti ń lé e lọ. Ó wá irú ibẹ̀ títí ẹ̀yìn fi dùn ún.

"Ẹ wọ́ ọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, Bọ̀ọ̀dá."

"Bẹ́ẹ̀ lásán? Bí èèpo ọsàn?"

Ó wọ́ ọ dà nù. Nígbà tó tún gbé e padà lọ́jọ́ kejì, gbogbo sẹ́tíǹgì rẹ̀ àtijọ́ jókòó síbẹ̀. Àlejò ti lọ, ẹrù rẹ̀ ṣì wà ní yàrá. Inú bí Mo-ti-mọ̀ débi pé ó ń bá tábìlì jà.

"Ẹ jẹ́ kí n wá jókòó tì yín ní Sátidé," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ọ̀rọ̀ fódà níbí yàtọ̀. Ẹ má sì tíì nu ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn kúrò o."

"Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà?"

Ọjọ́ yẹn gan-an ló nu kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ tónítóní. Ìgbéraga kì í sinmi.

3.

Aládùúgbò kan wá mú fọ́tò bàbá méje wá nínú fíláàṣì. Orúkọ fódà rẹ̀ ni "Bàbá". Orúkọ tí fódà tí irinwó fọ́tò wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ náà nìyẹn. Lórí Windows, fódà méjì tó jọ ń jẹ́ orúkọ kan á da ẹrù wọn pọ̀. Ó wọ́ tuntun lé àtijọ́ lórí.

Mac ò kánjú, ó bi í: ṣé kó fi èyí rọ́pò ti tẹ́lẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ṣé "rọ́pò" àti "dà pọ̀" jọra? Ó rí "pò", ó fọkàn kà á sí "pọ̀", ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Méje ló kù. Ó yẹ agbọ̀n ìdọ̀tí wò, kò sí nǹkan kan.

"Ṣé ó bi yín kó tó ṣe é?" àbúrò rẹ̀ bèèrè lórí fóònù.

"Ó bi mí."

"Kí lẹ wá sọ?"

Ó tún ṣí agbọ̀n ìdọ̀tí náà wò.

"Kọ̀ǹpútà àtijọ́ ńkọ́?"

"Mo ti nù ún."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sọ pé òun ti mọ̀.

4.

Ó tẹ ìwé olójú méje, ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò ya fọ́tò méje yẹn, odi tuntun tó mọ ló ń yà. Bàbá kàn ń kọjá lọ ni. Ìyá gbé ìwé sún mọ́ imú. Ó ṣí i dé òpin, ó tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ojú mi ni, àbí ẹ̀yìn ni bàbá rẹ kọ sí mi nínú gbogbo ẹ̀?"

"Ojú yín ni, Màmá," ó wí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni kí ìbéèrè tó parí, ẹ gbọ́ o: ẹ kà á tán, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀, ìbáà jẹ́ àbúrò yín, ẹ má sì nu ti àtijọ́ kí ẹ tó mọ ti tuntun lò. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni.