Ojú Ìwé Kejì Tí Kàbírù Kò Kà

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin. Ìwé tí wọn ò kà dé òpin ló fa gbogbo rẹ̀.

"Daddy, tó bá jẹ́ pé wọ́n máa lọ náà ni, kí ló dé tí ẹ fi Aunty Shiloh fún wọn?"

Bàrákàt, ọmọ ọdún méje, ló béèrè. Orí ibùsùn ló wà, orúnkún rẹ̀ ṣì wú. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra, Aunty Shiloh sì ni nọ́ọ̀sì tó máa ń tọ́jú rẹ̀. Kàbírù, bàbá rẹ̀, wo ilẹ̀. Àìṣát, ìyá rẹ̀, wo fèrèsé.

1.

Ní ẹ̀sítéètì wọn lẹ́yìn Rye Lane, ní Peckham ní London, Kàbírù ni àwọn àgbà ń gbé lẹ́tà kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, wá bá. Bí wọ́n bá ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n á tò sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, àpòòwé lọ́wọ́. Á kà á, á túmọ̀ rẹ̀, á fi ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí hàn wọ́n. Kò gba kọ́bọ̀ rí. Bí Kàbírù bá ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn.

Ó tún fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ṣọ́ géètì ní pápá ẹgbẹ́ Kestrels, tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sílé wọn.

2.

Olówó tó ni ẹgbẹ́ náà bá fárígá. Ó ní tí kánsù ò bá fowó tún pápá náà kọ́, òun á kó ẹgbẹ́ òun lọ sí ìlú mìíràn. Àyà Kàbírù já bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ pè é, ó fún un ní jákẹ́ẹ̀tì tuntun, ó ṣèlérí pé orúkọ rẹ̀ máa wà lára ògiri pápá tuntun. Ó ní, "Àwọn èèyàn rẹ ń gbọ́ tìrẹ. Bá wa mú kí wọ́n fọwọ́ síwèé yìí."

Ojú méjì ni ìwé náà. Ojú kìíní ní kí kánsù má jẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Ojú kejì, tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ, sọ ibi tí owó náà ti máa wá.

Àìṣát ní, "Ṣé ẹ ti ka ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Àìṣát, ta ló ń ka lẹ́tà fún gbogbo ẹ̀sítéètì yìí? Ṣé ìwọ ni?"

Àìṣát rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì ni ìwé náà fi wà lábẹ́ agolo iyọ̀ lórí tábìlì. Òun náà ò yí i padà.

Nígbà tó di Jímọ̀, Màmá Àsúmáù, ìyá àgbà tó ń gbé nísàlẹ̀ wọn, ló kọ́kọ́ dé.

"Kàbírù ọmọ mi, kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ti bọ́ọ̀lù ni, Màmá. Kí wọ́n má kó o lọ."

"Èmi tí n ò lè gun àtẹ̀gùn, kí ló kàn mí kan bọ́ọ̀lù? Àmọ́ tó bá ti jẹ́ ìwọ lo ní kí n fọwọ́ sí i, mú bírò wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù tò lẹ́yìn rẹ̀, igba èèyàn ó lé. Kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè kejì.

3.

Kánsù san owó náà. Lóṣù tó tẹ̀lé e, àgádágodo ńlá wà lẹ́nu ilé ìtọ́jú àwọn nọ́ọ̀sì tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀sítéètì, níbi tí Aunty Shiloh ti ń ṣiṣẹ́. Kàbírù jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó wá yí ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà. Ibẹ̀ ló wà: àwa tí a fọwọ́ síwèé yìí gbà kí wọ́n ti ilé nọ́ọ̀sì, kí wọ́n fowó rẹ̀ kún ti pápá. Orúkọ tirẹ̀ ló ṣáájú.

Kò pé ọdún kan, Kestrels kó lọ náà. Wọ́n ní owó yẹn ò tó. Wọ́n ti ná an tán sórí àwòrán pápá tí ẹnikẹ́ni ò kọ́.

4.

Lóru ọjọ́ Àìkú kan, ìrora gbé Bàrákàt. Ọwọ́ Àìṣát ti mọ́ nọ́ńbà Aunty Shiloh, ó tẹ̀ ẹ́ kó tó rántí. Kò dún. Ó wá pe áńbúláǹsì, wọ́n ní kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Wọ́n dúró, dúró, ètè ọmọ ń funfun.

Kàbírù ò dúró mọ́. Ó fi ìró ìyàwó rẹ̀ pọn ọmọ, ó já sí Rye Lane, Àìṣát ń sáré tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe ń kọjá lẹ́bàá pápá tó ti ṣófo, ẹkún ọmọ dá.

"Bàrákàt."

Àìṣát na ọwọ́ mú ẹsẹ̀ ọmọ.

"Bàrákàt, dá Mummy lóhùn."

Àìṣát di ògiri pápá mú. Ìgbà yẹn ni ohùn kékeré kan jáde lẹ́yìn Kàbírù: "Daddy, ẹ rọra, please. Ó ń dùn mí."

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Ní Jímọ̀, Kàbírù sáré lọ kírun. Kò sẹ́ni tó tò dè é lẹ́nu ọ̀nà. Màmá Àsúmáù gba iwájú rẹ̀ kọjá, àpòòwé lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ mú un wá kí n bá yín kà á."

"Jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ mi."

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé Bàrákàt padà sílé ló béèrè ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí. Ó dúró de èsì títí oorun fi gbé e lọ. Kàbírù sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún ọmọ. Àìṣát ló sùn kẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti tẹ́tí sí èémí ọmọ títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹni tó bá ń fi lílọ dẹ́rù bà yín ti lè di ẹrù rẹ̀ tán. Ẹ má ti ìtorí rẹ̀ fi ohun tó ń dá ọmọ yín sí tọrẹ. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo ìwé tó wà lórí tábìlì yín. Ẹ yí i padà.