Ibi Tó Funfun Nínú Àwòrán

Nínú òjò ọdún 1996, omi wọ yàrá ìyá Kòfowórọlá ní Mushin.

Ìyá ń pariwo lórí fóònù onílé wọn: "Kòfó, ọ̀nà wo ni ká gbà?"

Kòfowórọlá tẹjú mọ́ àwòrán réda tí sátẹ́láìtì yà láti òkè lẹ́yìn ìjì àná. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ẹ̀rọ fáàsì ọ́fíìsì ìrànwọ́ omíyalé wọn ní Yaba ni.

Ẹ̀kọ́ tó dì mú kò ju ọ̀kan lọ: ibi tó bá dúdú, omi ni.

"Màámi, ẹ má gba títì ọlọ́dà o! Ó dúdú bí kóró iṣin. Àdúgbò ẹ̀yìn ọjà ló funfun. Ẹ gba ibẹ̀."

"Ẹ̀yin ará ilé, ẹ tẹ̀ lé mi! Ọmọ mi ń bá wa wo ilẹ̀ láti ojú ọ̀run!"

Kòfowórọlá gbé fóònù sílẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, wọlé, omi òjò ń ro tótó lára aṣọ rẹ̀. Ó wo àwòrán náà, ó nàka sí ẹ̀yìn ọjà.

"Yéè! Ẹ tètè wá ọkọ̀ ojú omi lọ síbí yìí."

"Sà, ṣebí ibi tó gbẹ nìyẹn?"

"Rárá o. Omi tó tẹ́ rẹrẹ ló ń dúdú. Títì ọlọ́dà tó gbẹ náà ń dúdú, torí ó tẹ́jú. Ṣùgbọ́n tí omi bá yí ilé ká, omi àti ògiri á jọ ta ìtànṣán réda padà sókè. Á wá funfun báláú."

Kòfowórọlá já fóònù gbà lórí tábìlì, ó pe ilé.

Ó ń dún. Ó ń dún.

Ìyá rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ falẹ̀.

Kò sẹ́ni tó kù nílé tí yóò gbé e.