Rákẹ́ẹ̀tì Pásítọ̀

Pásítọ̀ Inísà ṣì wà láyé nígbà náà, kò sì sí Sátidé tí kì í na tíṣà àgbà ní tẹníìsì ní pápá Ìkìrun.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà mú rákẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ àti ti pásítọ̀, ó ń fọwọ́ wọ̀n wọ́n bí ẹni ń ṣa iṣu lọ́jà Òkukù. Ó gbóòórùn wọn.

“Tiyín ń rùn bí òróró. Ẹ ti gbàdúrà sí i.”

“Àkàrà ni mo fọwọ́ jẹ, Tíṣà. Ẹ ṣáà máa sáré.”

“Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀.”

Wọ́n pààrọ̀. Pásítọ̀ tún nà án.

Tíṣà bá gba rákẹ́ẹ̀tì méjèèjì mọ́wọ́. “Ó yá, kí lẹ fẹ́ fi gbá a báyìí?”

Pásítọ̀ bọ́ sálúbàtà rẹ̀ kan, ó fi gbá bọ́ọ̀lù, ó sì tún borí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n nà yín lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.”

“Èmi ni màá kọ́kọ́ kú. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Lọ́jọ́ tí pásítọ̀ dákẹ́, tíṣà sunkún títí, ó wá dá lọ sí pápá. Ó gbá bọ́ọ̀lù sí ìhà tí kò séèyàn. Bọ́ọ̀lù há sínú àwọ̀n.