Igbó Tí Fálúyì Gbá Bí Ẹni Gbá Àgbàlá

Ẹ̀yin tí ẹ ní igbó ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá jù ú sílẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Bí ẹ bá sì kà á tán, ẹ kà á sétí ẹlòmíì.

1.
Ní Towé, lẹ́bàá Pobè, nígbà tí Dàhòmì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira, Ọdẹ́wálé kú, ó fi igbó sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Igbó náà kò tóbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó kún. Ìrókò wà níbẹ̀, apá wà níbẹ̀, àwọn igi àgbà tí inú wọn ti di ihò náà wà níbẹ̀. Òwìwí, ẹtà àti ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń gbé inú wọn.

Ọdẹ́wálé ní òfin kan. Ẹni tó bá fẹ́ gé igi, á kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn àdá gbá a lára, á sì tẹ́tí. Bí igi bá dún kì, kó gé e. Ṣùgbọ́n bí ó bá dún bí ìgbà tí èèyàn gbá agbè òfìfo, igi náà ti ní onílé nìyẹn, kó wá òmíì lọ. Igi tó bá sì kú lórí ìdúró, wọn kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi wó fúnra rẹ̀.

Fálúyì, àkọ́bí, ni ẹbí fi igbó àti àdá bàbá wọn lé lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Jádesọ́lá, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ń dá oko àgbàdo létí igbó náà. Oko yẹn ni òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Wọn ò ní òmíì.

2.
Lọ́jọ́ kan, Fálúyì kó ẹkùrọ́ lọ fún Àláájì Súbérù, oníṣòwò kan ní Sakété. Lẹ́yìnkùlé Àláájì ló ti rí igi tíìkì tí wọ́n gbìn ní ìlà-ìlà, tí abẹ́ wọn mọ́ tónítóní. Ojú tì í.

"Háà! Àwọn èèyàn ti lajú, èmi ṣì ń ṣọ́ pàǹtí ní Towé!"

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi rò ó. Oko igi ni Àláájì ní, igbó ni Fálúyì ní. Ṣùgbọ́n ìlara kì í jẹ́ kí èèyàn rí ohun tó wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀.

3.
Kò pẹ́ tó padà délé ló kó àwọn lébìrà wọgbó pẹ̀lú àáké. Jádesọ́lá sáré dé láti oko.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tilẹ̀ gbá igi wò kí ẹ tó gé e!"

"Kí ni mo fẹ́ gbá wò? Ilé òwìwí ni. Ṣé ẹyẹ àjẹ́ ni kí n máa sìn?"

"Bàbá wa bá wọn gbé títí, wọn ò ṣe é ní nǹkan kan."

"Bàbá ti lọ, ayé ti là. Èmi ni mo ni igbó!"

"Gbogbo wa la ni ín. Ẹ̀yin kàn ń bá wa ṣọ́ ọ ni."

Fálúyì fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n gé gbogbo igi oníhò, wọ́n gé èyí tó kú, wọ́n fa ìtàkùn ya, wọ́n gbá ewé ilẹ̀ jọ, wọ́n sì sun ún. Òwìwí kan fò jáde lójú oòrùn, kò mọ ibi tí yóò forí lé, àwọn ẹyẹ ọ̀sán sì ń lé e kiri. Àánú rẹ̀ ṣe Jádesọ́lá débi pé ó bojú.

4.
Fálúyì ránṣẹ́ pe Àláájì kó wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun. Kamíọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù, já Àláájì sílẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ó mọ́ o," ni Súbérù wí. "Ṣùgbọ́n Fálúyì, àìní igbó ló jẹ́ kí n gbin tíìkì. Ìwọ tí o ní i, o bá gbé e sọnù?"

Inú bí Fálúyì. Ó ní ẹnu ìlara ni Àláájì fi ń sọ̀rọ̀.

5.
Òjò dé, Jádesọ́lá gbin àgbàdo. Eku tí òwìwí àti ẹtà ń mú jẹ tẹ́lẹ̀ kò rí ẹni mú wọn mọ́. Wọ́n ń bí, wọ́n ń rẹ̀. Wọ́n hú irúgbìn jẹ, Jádesọ́lá tún un gbìn. Èyí tó rù ú là, tó yọmọ, wọ́n gùn ún, wọ́n jẹ ẹ́ ku ṣùkù. Nígbà ìkórè, kò sí ohun tí yóò kó sínú àká.

Ó mú ṣùkù kan dání lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ wo oúnjẹ àwọn ọmọ mi."



6.
Ẹbí pé jọ. Ṣóbándé, àgbà wọn, kò fọ̀rọ̀ gùn. "Fálúyì, gbé àdá bàbá yín sílẹ̀. Láti òní lọ, Jádesọ́lá ni yóò máa ṣọ́ igbó." Olúkúlùkù bu àgbàdo wá láti ilé rẹ̀, ebi ò sì pa àwọn ọmọ náà kú.

Jádesọ́lá ní kí ẹnikẹ́ni má dáná sún mọ́ igbó. Igi tó wó, ó fi í sílẹ̀ kó rà síbẹ̀. Ìtàkùn padà, ọ̀kẹ́rẹ́ padà. Òwìwí nìkan ni kò padà, eku kò sì yéé jẹ nínú àgbàdo wọn lọ́dọọdún.

Fálúyì wá bá a, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Àbúrò mi, ìgbà wo ni òwìwí ń bọ̀?"

"Ìgbà tó bá rí ihò gbé."

"Màá gbẹ́ ihò sára igi fún un."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ogbó ló ń dá irú ihò yẹn sí igi. Àwọn ọmọ ọmọ wa ni yóò rí i. Èmi àti ẹ̀yin ò ní sí láyé."

Àkọ́bí Ọdẹ́wálé jókòó lé kùkùté, ó sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí bàbá yín fi igbó sílẹ̀ fún, mo kìlọ̀ fún yín gbangba: ẹ má gé igi oníhò. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kú dúró. Ẹ fi ewé sílẹ̀ kó bo ilẹ̀. Ohun tí ẹ̀ ń pè ní pàǹtí, ilé ẹlòmíì ni, onílé náà ló sì ń bá yín ṣọ́ oúnjẹ yín. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.