Bọ́tìnnì "Mo Ti Kà Á"

Kí la ti mọ̀ nípa ìkànnì ìjọba tí à ń ṣí lórí fóònù? A mọ̀ pé ibẹ̀ la ti ń wo ilé ìwòsàn tó ṣí àti ọjọ́ tí wọ́n á kó ìdọ̀tí. A mọ̀ pé ohun tí a bá kà níbẹ̀, òótọ́ la kà á sí. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ ọ́? Ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí títí dé ìlà tó kẹ́yìn, kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.

1.
Olúbọ̀dé ló ń kọ ìkéde sórí ìkànnì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní agbègbè Alimosho. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ òun yá. Nígbà tí wọ́n tún ìkànnì náà ṣe, wọ́n fi nǹkan kan kún un: ìkéde kò ní jáde mọ́ àfi tí ẹnì kejì bá kà á, tó sì tẹ bọ́tìnnì "Mo ti kà á". Ẹnì kejì náà ni Ìyá Àtọ́kẹ́, ọmọ Èkìtì tó ti ṣe tíṣà rí.

"Màámi, ìlà kejì náà lẹ ṣì wà?"

"Bọ̀dé, bó o bá ń sáré, máa lọ. Ọ̀rọ̀ ìjọba lèmi ń kà."

Olúbọ̀dé ló ń bá ìyá yìí ṣí kọ̀ǹpútà láràárọ̀, nítorí náà ó mọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí màmá lọ jẹun, ó fi orúkọ màmá wọlé, ó sì tẹ bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bá sọ ọ́ di àṣà.

2.
Ẹ kíyè sí ibí yìí dáadáa. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni ìjọba ìbílẹ̀ náà ń ṣí. Bó bá jẹ́ ti Igando lóṣù yìí, ó lè jẹ́ ti Egbeda lóṣù tó ń bọ̀. Olúbọ̀dé da ìkéde oṣù tó kọjá kọ. Ó yí orúkọ oṣù padà, ó gbàgbé láti yí Igando sí Egbeda. Ó fi orúkọ Ìyá Àtọ́kẹ́ wọlé, ó tẹ̀ ẹ́.

Ní Sọ́ńdè, gìrì mú Fẹ́kọ́mi, ọmọ ọdún méjì, ní Ayọ̀bọ̀. Olúwaṣìkẹ́mi, ìyá rẹ̀, wo fóònù, ó gbé e lọ sí Igando. Àgádágodo ló bá lẹ́nu géètì. Kó tó béèrè ibi tó ṣí, kó tó dé Egbeda, gìrì náà ti pẹ́ lára ọmọ. Fẹ́kọ́mi kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú mọ́.

3.
Ọ̀gá wọn yẹ kọ̀ǹpútà wò. Orúkọ Ìyá Àtọ́kẹ́ ló wà lábẹ́ "Mo ti kà á". Wọ́n kìlọ̀ fún Olúbọ̀dé. Ẹni tó kà á ni wọ́n ní kó lọ jókòó sílé.

"Bọ̀dé," màmá ní, "ṣé mo kà á ṣá? N kò rántí. Àbí ogbó ti ń dé sí mi lórí ni?"

"Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni, mà." Ohun tí Olúbọ̀dé rí sọ nìyẹn.

Ìyá náà lọ sí Ayọ̀bọ̀, ó kúnlẹ̀ fún Olúwaṣìkẹ́mi, ẹni tó lè bí lọ́mọ, ó bẹ̀ ẹ́. Olúbọ̀dé gbọ́ nípa rẹ̀. Awò ojú màmá ṣì wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì. Kò lè wò ó. Níkẹyìn, ó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá. Wọ́n lé e. Ó gba ilé màmá lọ ní Ipaja, ó dọ̀bálẹ̀.

"Èmi ni, Màámi. Ẹ ò kà á rárá. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."



"Iṣẹ́ ni wọ́n dá padà," màmá ní. "Ìkúnlẹ̀ tí mo kúnlẹ̀ ńkọ́, Bọ̀dé? Ta ni yóò dá ìyẹn padà fún mi?"

 

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹ má fi orúkọ ẹlòmíràn jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò kàn. Kí ọwọ́ yá kò burú. Kí a má jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wa wò ó ló burú. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ jẹ́ ká dán èyí wò lónìí. Ìkéde tí ẹ fẹ́ fi sórí fóònù fún àwọn ará àdúgbò tàbí ìjọ, ẹ kọ́kọ́ gbé e fún ẹnì kan kó kà á sókè sí yín létí. Bó bá pẹ́ lórí ìlà kejì, ẹ dúró dè é.