Amọ̀nà Tí Kì í Sọ Pé Òun Ò Mọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí tán. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ọ̀rọ̀ yín kọ́, nítorí kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè kó bá.

1.
Ní ìlú Siem Reap, ta ni kò mọ Phirun? Ọdún mẹ́tàlá ló fi ń mú àwọn àlejò káàkiri àwọn tẹ́ńpìlì Angkor. Ó mọ orúkọ àwọn ọba àtijọ́, ó mọ àwọn ogun tí wọ́n gbẹ́ sára ògiri, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń pa àlejò lẹ́rìn-ín nígbà tí oòrùn bá mú jù. Àléébù kan ló ní: kò sí ohun tí èèyàn máa bi í tó máa sọ pé òun ò mọ̀. Bí àlejò bá na ìka sí òkúta tí kò mọ ìtàn rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni yóò hun ìtàn fún un. Àlejò á mi orí, á kọ ọ́ sínú ìwé.

Awakọ̀ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Chhoeun, kìlọ̀ fún un lọ́jọ́ kan pé òkúta kì í pe èèyàn lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ òkúta. Phirun fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àlejò kì í wọ bàálù láti òkè òkun kó wá gbọ́ "mi ò mọ̀".

2.
Nínú oṣù Kejìlá ọdún kan, ó kó àlejò márùn-ún fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, Khmer bíi tirẹ̀, Màmá Sopheary, tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, tó sì ti ń gbé ilẹ̀ Faransé láti kékeré. Èdè Khmer ẹnu rẹ̀ dà bíi ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, nítorí ọmọ ọdún mẹ́jọ ló jẹ́ nígbà tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dé tẹ́ńpìlì kékeré kan láàárín oko ìrẹsì. Ilé ìsìn àwọn àlùfáà Búdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá Sopheary dúró, kò lè rìn mọ́. Ó sọ fún Phirun pé nígbà tí ìjọba apànìyàn lé gbogbo ará ìlú sóko, ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ya òun àti Loeung, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin. Wọ́n dá àwọn ọmọkùnrin dúró pé kí wọ́n máa gbẹ́ ipadò. Òun ti kọ lẹ́tà káàkiri, òun ò rí èsì.

"Ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù síbí?"

Phirun kò mọ̀. Àlùfáà àgbà kan ń gbá ewé lábẹ́ igi, kò jìnnà sí wọn. Ká ní ó kàn bi bàbá yẹn ni. Ṣùgbọ́n àlejò mẹ́rin ń wò ó lẹ́nu. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọdún ìyàn ni gbogbo wọ́n kú. Egungun wọn ló wà níbẹ̀ yẹn." Ó na ìka sí ibojì òkúta kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ẹni tó ni ín.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Màmá."

Màmá Sopheary tan tùràrí, ó kúnlẹ̀, ó sunkún títí omi ojú fi gbẹ. Ó fi ìwé pélébé kan sábẹ́ òkúta níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó di ọwọ́ Phirun mú, ó dúpẹ́ pé ó sọ ẹrù àádọ́ta ọdún kalẹ̀ fún òun. Orí Phirun wú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ bá mi sòótọ́: ṣé ẹ ò parọ́ báyìí rí, kí ẹ sì pè é ní ìtùnú?

3.
Lẹ́yìn oṣù márùn-ún, ó kó àwọn àlejò mìíràn débẹ̀. Àlùfáà àgbà yẹn pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní nígbà tí òun ń gbá ẹsẹ̀ ibojì lọ́sẹ̀ tó kọjá ni òun rí ìwé kan, ọwọ́ ìkọ̀wé bíi ti ọmọdé: "Sí Loeung, láti ọ̀dọ̀ Sopheary, àbúrò rẹ." Ó ní Loeung wà láàyè. Abúlé tó wà lẹ́yìn ipadò ló ń gbé, kẹ̀kẹ́ màlúù ló ń kàn. Láti ìgbà tó ti rí ìwé náà, ojoojúmọ́ ló ń wá béèrè ibi tí àbúrò rẹ̀ wà.

Nọ́ńbà Màmá Sopheary wà nínú fóònù Phirun, nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí òun bá pè é, á bi òun pé ta ló sọ pé wọ́n ti kú. Ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò tó ń bá ṣiṣẹ́ á gbọ́. Ó sọ fún àlùfáà pé òun á bá wọn wá àdírẹ́sì rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Báyìí ló ṣe di ọ̀sẹ̀ méje.

4.
Nígbà tí oorun kò kùn ún mọ́, ó jẹ́wọ́ fún Ẹ̀gbọ́n Chhoeun. Chhoeun kò bú u. Ó kàn yí orí ọkọ̀ padà, ó ní abúlé yẹn làwọn ń lọ, kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lè gbóhùn ara wọn lórí fóònù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Wọ́n bá àsíá funfun tí wọ́n fi ń kéde òkú lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó Loeung jókòó sí àtẹ̀gùn ilé nínú aṣọ funfun, ó ti fá orí.

"Ó di ọjọ́ kọkànlá lónìí," obìnrin náà wí. "Àìsàn ọkàn ti ń dà á láàmú tipẹ́. Ó ní ká má ti ilẹ̀kùn, pé àbúrò òun ń bọ̀."

Orí àtẹ̀gùn yẹn ni Phirun ti pe ilẹ̀ Faransé. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ohunkóhun kúrò.

"Oṣù méje ni mo fi ń tan tùràrí òkú fún ẹ̀gbọ́n mi tó ń mí," màmá náà wí. "Ọmọ mi, kí ikú tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lo ti sin ín."

5.
Màmá Sopheary dé fún ètò ìrántí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ikú Loeung. Ó jókòó ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn méjèèjì jọ jẹ ìrẹsì nínú àwo kan. Kò wo ibi tí Phirun dúró sí. Ilé iṣẹ́ gba ìwé àṣẹ amọ̀nà lọ́wọ́ Phirun, kò sì sí ilé iṣẹ́ mìíràn tó fẹ́ gbà á. Abọ́ ló ń fọ̀ báyìí ní ilé oúnjẹ àna rẹ̀. Ó sọ fún Chhoeun pé iṣẹ́ tó bọ́ kọ́ ló ń dun òun. Ọ̀sẹ̀ méje yẹn ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, gbogbo ẹni tí àwọn èèyàn ń bi ní nǹkan: bí ẹ ò bá mọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ̀, kí ẹ bá wọn wá ẹni tó mọ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣì sọ, ẹ tún un sọ lónìí, nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì lè gbọ́. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.