Pákó Tí Tísà Prydderch Gbé Kọ́ Ọmọlọ́mọ Lọ́rùn

Ìkanra ni àbùkù Tísà Prydderch, ìgbéraga sì ni ìkejì rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Wélsì ni, ọmọ awakùsà ni pẹ̀lú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tán ni kò ti fi èdè ìyá rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ohùn wọn jọra ni ó fi ń jẹ àwọn ọmọ ilé-ìwé níyà. Èyí tí ó jẹ́ òkun (sea) ń dún bí èyí tí ó jẹ́ rí (see). Èyí tí ó jẹ́ ẹran (meat) ń dún bí èyí tí ó jẹ́ pàdé (meet). Ojú ìwé nìkan ni a ti ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọmọ tí ó bá kọ ọ̀kan dípò èkejì, Tísà a gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn. Kò sì ní bọ́ ọ sílẹ̀ àfi bí ó bá fẹjọ́ ẹlòmíràn tí ó ṣi ọ̀rọ̀ kọ sùn. Ẹni tí pákó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù, ẹgba ni.

Lọ́jọ́ kan, Lowri, ọmọ Gethin awakùsà, fẹ́ kọ ọ́ sára síléètì rẹ̀ pé, "A ó pàdé ní ọ̀run." Ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ẹran ni ó kọ dípò pàdé.

"Ẹran ọ̀run!" Tísà bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé bàbá ẹ ti ń pa màlúù níbẹ̀ ni, olódo?" Ó gbé pákó kọ́ ọ.

Kò pẹ́ tí Ifor, àbúrò Lowri, ṣe irú àṣìṣe kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lowri yára fi ọwọ́ pa á rẹ́. Tísà rí i.

"Dárúkọ ẹni tó ṣì í kọ."

"Ẹ nà mí, sà. Ọrùn tèmi ni pákó wà."

Tísà já pákó náà gbà, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbá a létí ọ̀tún, ó tún gbá a ní tòsì. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn wọ inú aṣọ ọmọ náà.

Ní ọjọ́ kejì, Megan ìyá rẹ̀ wá. "Tísà, ọmọ mi ò gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pè é títí, kò wẹ̀yìn."

"Kó máa fi ojú kàwé, ojú ẹ̀ ò kúkú fọ́," ni Tísà wí ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Àṣesílẹ̀ ni àbọ̀wábá.

Ní ìlú yẹn, ìkà tí adájọ́ kò bá mú, ẹṣin onígi, igi gígùn tí a gbẹ́ bí ẹṣin, ni wọ́n ń gbé e gùn káàkiri ìgboro kí ojú lè tì í. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn awakùsà kun èédú sójú, wọ́n wọ kóòtù ìyàwó wọn kí a má baà dá wọn mọ̀, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn Tísà. Wọ́n lù ú títí eyín rẹ̀ fi yọ, wọ́n dè é mọ́ ẹṣin onígi náà, wọ́n sì gbé pákó rẹ̀ kọ́ ọ lọ́rùn.

"Òfin ẹ náà ni, Tísà wa. Fẹjọ́ ẹnì kan sùn, ká bọ́ ọ kúrò."

"Àlùfáà tó ń bójú tó ilé-ìwé ni! Òun ló ní kí n máa nà wọ́n!"

"Àlùfáà kọ́ ló gbá ọmọ létí. Lowri nìkan ló lè bọ́ ọ kúrò."

Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà Gethin. Níbẹ̀ ni èdè ìyá rẹ̀ padà dé ẹnu rẹ̀. "Lowri, ọmọ dáadáa, forí jì mí! Ṣàánú mi, jọ̀ọ́!"

Lowri ń wo ẹnu tí ń mì, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán níbẹ̀. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màámi, kí ló ń sọ?"

Megan fà á mọ́ra. Àwọn ọkùnrin náà gbé Tísà lọ sí etí odò, wọ́n sì sọ òun àti ẹṣin rẹ̀ sórí òkúta. Apá ọ̀tún tí ó fi ń na ọmọ rún wómúwómú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kúrò ní ìlú, láìsí ẹni tí ó kí i pé ó dàbọ̀ ní èdè kankan.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ṣì kọ, ọwọ́ a máa pa á rẹ́. Etí tí a fọ́, ta ni yóò tún un kọ? Ẹ fi ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ han ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ ìbáwí àti ìkà. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tí ó bá fi méjèèjì nà án, kí ó má ṣe wá ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.